Ọwọ́ Tó Wà Lára Lẹ́ńsì Bàbá Mi

Ẹni tó bá fẹ́ rí àìmọ̀kan tó jókòó sórí àga, kó bá mi dé ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe ní Ìkàrẹ́. Mo gbé lẹ́ńsì bàbá mi lọ bá a. Kò tíì wò ó tán tó fi sọ pé ayédèrú ni. Ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́ńsì náà ni pé irin kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìka ọmọdé, bọ́tìnnì sì wà lórí irin náà.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi ayùn gé ọwọ́ yìí dànù. Màá wá lọ ìdí rẹ̀ kó lè wọ kámẹ́rà ìgbàlódé."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Kò mọ ohun tó ń wò, ayùn ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Mo gba nǹkan mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ṣìọ̀, mo jáde.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi lẹ́ńsì náà ya ẹnikẹ́ni. Màmá mi ló rán mi níṣẹ́. Fọtogíráfà ni bàbá mi ní Ọ̀kà, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi ń tẹ kámẹ́rà wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n Màmá ọkùnrin ṣílé, bàbá mi dúró níwájú wọn, wọ́n gbé kámẹ́rà sójú, ìka òsì nà jáde. Ẹ̀gbọ́n Màmá fi ìbínú dìde. Wọ́n ní ọkọ àbúrò àwọn ò ní fi ọwọ́ òsì ya àwọn láàárín àlejò. Bàbá mi bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní bí kámẹ́rà náà ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn, òsì ni bọ́tìnnì rẹ̀ wà. Ta ló gbà wọ́n gbọ́?

"Fọ́tò òsì, fọ́tò òṣì!" ni àna wọn wí, gbogbo àlejò sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi ò tẹ ẹnu ọ̀nà ilé náà mọ́ títí tí wọ́n fi kú. Olè ti jí kámẹ́rà ọ̀hún lọ kó tó dìgbà yẹn. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo yìí ló kù sínú àpótí Màmá.

"Bá mi wádìí irú kámẹ́rà tó ń wọ̀," ni Màmá wí. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni bàbá rẹ sọ àbí irọ́, kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó kú."

Mo délé, mo jókòó ti fóònù. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ nípa ìmọ́lẹ̀ àti jígí nílé ẹ̀kọ́ girama, ta ni mo tún fẹ́ lọ bi? Mo yí ìdí lẹ́ńsì sókè. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń yí wọlé bí ìdérí ìgò, eyín irin mẹ́ta ló ní. Mo wo àwòrán kámẹ́rà àtijọ́ títí ojú fi ń ro mí. Ẹnì kan lórí ayélujára ní ti ẹ̀rọ sinimá ni, ẹlòmíì ní ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Ọ̀mọ̀ràn gbogbo! Nígbà tó yá, mo rí i: kámẹ́rà Jámánì kan, ẹnu rẹ̀ gba eyín mẹ́ta gẹ́lẹ́, ọwọ́ lẹ́ńsì rẹ̀ sì nà dé orí bọ́tìnnì kámẹ́rà náà, tí ìka bá ti tẹ ọwọ́ yẹn, kámẹ́rà á ya fọ́tò. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí bọ́tìnnì wà nínú àwòrán. Ọ̀tún ni.

Ó dùn mí, àmọ́ kò yà mí lẹ́nu. Mo pe Màmá.

"Ọ̀tún ni, Mà. Irọ́ ni wọ́n pa."

"Ó dáa," ni Màmá wí, wọ́n sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀kà kí n lè fi àwòrán náà hàn wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bíi pé kíláàsì ni mo wà. Màmá wo fóònù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gba lẹ́ńsì lọ́wọ́ mi, wọ́n yí àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sókè, wọ́n gbé e sójú bí bàbá mi ṣe máa ń gbé e. Ọwọ́ irin náà bọ́ sábẹ́ ìka wọn. Ìka òsì.

"Iwájú ni wọ́n ti ya kámẹ́rà inú fóònù rẹ," ni wọ́n wí. "Ibi tí ẹni tí wọ́n ń yà máa ń dúró sí nìwọ dúró sí. Ọ̀tún tìẹ, òsì bàbá rẹ ni."

Háà! Láti ọjọ́ wo ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé tí ẹni méjì bá kọjú síra, ọ̀tún ẹnì kan ni òsì ẹnì kejì! Olódo paraku ni mí. Ọkùnrin aláyùn yẹn sàn jù mí lọ. Irin lòun fẹ́ gé. Èmi pe bàbá mi ní òpùrọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti kú.

Màmá ò dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Wọ́n wé gèlè, wọ́n mú lẹ́ńsì, a sì rìn lọ sílé ẹ̀gbọ́n wọn. Bàbá arúgbó náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n ṣí lọ́jọ́sí. Màmá kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ṣàlàyé láìgbé ohùn sókè, wọ́n gbé lẹ́ńsì sójú kí ẹ̀gbọ́n wọn fi ojú ara wọn rí ibi tí ìka bọ́ sí. Lẹ́yìn náà, Màmá fi ọwọ́ òsì na lẹ́ńsì sí wọn.

Mo ní ìjà dé. Ẹ̀gbọ́n Màmá wo ọwọ́ náà pẹ́. Wọ́n ṣí fìlà kúrò lórí, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.