Ṣẹ́ẹ̀tì Tó Padà Láti Jámánì

Nígbà tí ìyàwó Sùlàímọ́nù kú, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rẹ̀ ní Dúgbẹ̀ wá tóbi jù fún un. Ó tì í pa. Ó lọ ń ránṣọ níléeṣẹ́ kan ní Ring Road, níbi tí wọ́n ti ń fi àdìrẹ rán ṣẹ́ẹ̀tì lọ sókè òkun. Ó rò pé òun á rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ariwo maṣíìnì ò jẹ́.

Gánà ni páálí aṣọ kọ́kọ́ ń lọ. Ó di Lọ́ńdọ̀nù, ó di Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1965, ó ti kan Jámánì, páálí sì ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú oníkálukú ń dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣì wà ní Dúgbẹ̀, bí ọdún bá dé, Sùlàímọ́nù á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lára àwọn tó ń kọjá. Wọ́n á yà kí i. Àwọn tó ń ránṣọ fún báyìí, kò mọ ojú ẹnì kan nínú wọn.

Síbẹ̀, bó ṣe mọ̀ ọ́n rán náà ló ń rán an. Télọ̀ tó bá mọṣẹ́ a máa dá aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ sínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán. Bí ẹni tó ni ín bá sanra, á gbé e padà wá, télọ̀ á tú u, á fẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè ara ilé àti ara ọmọ.

Ó ṣẹlẹ̀ pé páálí kan padà dé láti Jámánì. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ nípọn jù, kò jókòó lára. Adégbénró, ọ̀gá ibẹ̀, tí Sùlàímọ́nù tó bí lọ́mọ, mú ọ̀kan wá bá a. Ohùn rẹ̀ ò le. Ó ní bí òmíràn bá tún padà, àwọn ò ní lè fi bàbá sídìí maṣíìnì mọ́.

"Bàbá, kí lẹ dá gbogbo aṣọ yìí sínú fún?"

"Ẹni tó wọ̀ ọ́ lè sanra."

"Bó bá sanra, á ra òmíràn ni."

"Ta ni yóò wá bá a tú eléyìí?"

Adégbénró rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó máa gbé aṣọ wá láti Jámánì fún títú, bàbá."

Sùlàímọ́nù ní ó dáa. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó ń gé inú àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó ń tún etí wọn rán. Mùtíátù, télọ̀ tó jókòó tì í, bi í léèrè bóyá iyán ni wọ́n ń jẹ ní Jámánì tí wọ́n á fi sanra. Sùlàímọ́nù ń gé aṣọ lọ. Nígbà tó ku ẹyọ kan tí kò tíì gé, ó tọrọ rẹ̀. Wọ́n fún un.

Iléyá dé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó fún un níkùn. Ó bọ́ ọ, ó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fẹ̀ ẹ́, ó tún un rán. Ó wọ̀ ọ́ lọ jókòó síwájú ilé ní Òkè Àdó. Àwọn èèyàn ń kọjá nínú aṣọ ọdún. Ó wò wọ́n títí. Kò rí èyí tó rán lára ẹnì kankan, àfi èyí tó wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀.

Ọdún parí, ó padà sí Ring Road. Kò dá aṣọ sínú mọ́.