Ìka Tútù Lẹ́bàá Etí Òsì

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, aago mẹ́rin ti kọjá díẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí láàárín orúnkún ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Baṣọ̀run. Wọ́n ń fi òwú kó irun mi. Bí ìka wọn ṣe kan àtàrí mi, mo gbọ̀n. Ó tutù bí omi inú àmù.

Ọwọ́ tútù kì í ṣe tuntun lára wọn. Wọn a wé òwú dúdú mọ́ ìka kí wọ́n tó fà á le, títí orí ìka náà á fi kú tipiri. Ní ilé ìwòsàn kan ní Ring Road, dókítà ti sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé ìka wọn dáadáa mọ́, kí wọ́n dín òwú fífà kù. Wọn ò dín in kù. Obìnrin tó ń gbé òdìkejì ilé sì fẹ́ràn ọwọ́ náà lásìkò ooru.

“Ìyá, ẹ fi ọwọ́ yẹn kàn mí lọ́rùn.”

“Fíríìjì tí kì í wá iná ni,” ìyá àgbà á ní. “Àmọ́ mi ò ní bá ẹ tọ́jú ẹja sínú ẹ̀ o.”

Nítorí náà, mi ò lè sọ pé òtútù lásán ló já mi láyà lọ́jọ́ yẹn. Ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Láti àárọ̀ ni bàbá mi ti gbé màmá mi lọ bímọ, a ò sì tíì gbúròó wọn. Fóònù wà nínú abọ́ òwú, kò dún.

Wọ́n ń ya ìlà lẹ́bàá etí òsì mi nígbà tí mo bi wọ́n pé, “Ìyá àgbà, ṣé màmá mi ò ní kú?”

“Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ ikú? Gbé orí sókè jàre. Ìyá ẹ ń sinmi ni.”

Ohùn wọn ò yí padà. Òórùn àdín tí wọ́n fi ń pa mí lórí ò yí padà. Ìka wọn nìkan ni kò bá ẹnu wọn dọ́gba.

Obìnrin òdìkejì gbé ife tíì gbígbóná wá. “Ìyá, ẹ di èyí mú, kí ẹ fi irun yìí sílẹ̀ ná.”

“Kí ìyá ẹ̀ wá bá a ní ààbọ̀ orí? Rárá o.”

Nígbà tí fóònù dún, ìka wọn ò lè dì í mú. Obìnrin náà ló gbé e sí wọn létí. Bàbá mi ni.

“Ìyá àti ọmọ, àwọn méjèèjì?” ni ìyá àgbà bi í. Wọ́n gbọ́ èsì rẹ̀. “A dúpẹ́.”

Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé mi lórí. “Àbúrò ẹ ti dé.” Mo ń retí kí ọwọ́ náà gbóná. Kò gbóná kíákíá.

Mo ti kà nípa ẹ̀ láti ìgbà náà. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ìka máa ń fún, kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ níbi tí ara nílò rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ńkọ́? Òwú ńkọ́? Mi ò lè pín òtútù ọjọ́ yẹn sí méjì kí n ní èyí ni ti ẹ̀rù, èyí ni ti òwú. Ìyá àgbà ò sì sí mọ́ kí n bi wọ́n.

Ọwọ́ tèmi náà máa ń tutù. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan, mo máa ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí n tó gbà.

Fọ́tò ìsọmọlórúkọ àbúrò mi wà lọ́dọ̀ mi. Mo kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó yà á, irun ọjọ́ yẹn ṣì wà lórí mi. Gbogbo ìlà orí mi tọ́ bí okùn tí a fà, bí iṣẹ́ wọn ṣe máa ń rí. Ti ẹ̀bá etí òsì nìkan ló wọ́.