Iṣan Ogún Tí Fàósátù Kọ́ Lára Ọkọ Rẹ̀

Ọdún méjìlélógún ni Fàósátù ti ń wọ́ ara fún èèyàn ní Mushin kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè orúkọ iṣan tó ń tẹ̀. Ọrùn tó gan, ẹ̀yìn tó le, ejìká tí ẹrù ti fìyà jẹ: tó bá ti fi òrí pa á, tó rọra tẹ̀ ẹ́, ẹni náà á mí kanlẹ̀, oorun á gbé e lọ. Ta ni yóò wá béèrè orúkọ?

Àfìgbà tí wọ́n ṣí ibi ìwọ́ra kan ní Yaba. Obìnrin tó ni ibẹ̀ fi ọrùn ara rẹ̀ dán ọwọ́ Fàósátù wò, ó ní ọwọ́ yìí gan-an lòun ń wá, àmọ́ òun ò lè gba ẹni tí ò ní sátífíkéètì. Ni Fàósátù bá wọ iléèwé ìwọ́ra ní Sùúrùlérè, oṣù mẹ́fà gbáko, òun ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta láàárín àwọn ẹgbẹ́ Basheerah ọmọ rẹ̀.

Iṣẹ́ ò ni í lára. Orúkọ ló ni í lára. Iṣan ogún, láti orí dé ọrùn, dé àyà, ikùn àti ẹ̀yìn: kó fọwọ́ kàn án lára èèyàn, kó sì pè é. Mẹ́rìnlá ni wọ́n ń gbà kéèyàn tó yege. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, mẹ́sàn-án ni Fàósátù rí mú.

"Mọ́mì, ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré o," ni Àǹtí Jael, tíṣà wọn, sọ. "Tẹ́ ẹ bá tún féèlì, àtìbẹ̀rẹ̀ lẹ máa padà sí."

Obìnrin Yaba náà sì ti ní òun ò ní dúró ju ìparí oṣù lọ.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Abdulfatai, ọkọ Fàósátù, kápẹ́ńtà ni. Fàósátù ní kó bọ́ ẹ̀wù, kó dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Ó mú bírò, ó ń kọ orúkọ sí i lára bó ṣe ń dún létí rẹ̀: tírápísíọ́ọ̀sì láti ọrùn dé ejìká, látísímọ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, sitánómásítọ́ìdì sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn.

"Ó ń yún mi o."

"Ẹ má mira, Bàbá Basheerah. Ọ̀rá ti bo ibi tí mò ń wá."

"Ta ló ń se oúnjẹ tó di ọ̀rá ọ̀hún?"

Lọ́jọ́ kejì, Jímọ́ọ̀ ni. Abdulfatai ṣàlùwàlá, bírò ò ṣí. Ní mọ́ṣáláṣí, Alhaji Taoheed, ará àdúgbò wọn, ló wà ní sàfú ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kírun tán, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Fatai, ìwọ náà? Kí ni wọ́n kọ sí ẹ lọ́rùn?"

"Iṣan ni, Alhaji."

"Irú iṣan wo? Èyí kì í ṣe lárúbáwá, kì í ṣe òyìnbó. Ta lò ń bẹ̀rù tó o fi lọ ṣe oògùn sára báyìí?"

"Ìyàwó mi ló kọ ọ́."

"Ìyàwó ẹ? Yéè! Ó ti mú ẹ so nìyẹn!"

Èèyàn mẹ́fà ló wo ọrùn Abdulfatai kó tó rí bàtà rẹ̀ wọ̀. Méjì nínú wọn ṣàdúrà sí i lórí. Nígbà tó délé, ó ní, "Ìyá Basheerah, ara mi rè é, mo yọ̀ǹda ẹ̀. Àmọ́ o ò ní fi bírò kàn mí mọ́."

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí ìdánwò kejì tó dé. Fàósátù jókòó, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń jẹun, ó rí i pé ibì kan ń yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó bá ti rún ẹran.

"Ẹ dúró ná. Ẹ tún un rún." Ó fọwọ́ kàn án. "Màsítà nìyí!"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Abdulfatai á yíjú sósì, okùn kan á yọ lápá ọ̀tún ọrùn rẹ̀: sitánómásítọ́ìdì. Á gbé irun ojú sókè bí ẹni tó gbọ́ òfófó, iwájú orí á ká jọ: fúróńtálísì. Á wúkọ́, ikùn á le: rẹ́kítọ́ọ̀sì. Á ṣe bí ẹni tó ń fa ayùn sẹ́yìn: látísímọ́ọ̀sì. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ karùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ti ń pe orúkọ wọn ní ṣọ́ọ̀bù bó ṣe ń rẹ́ pákó.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Christabel, ọmọ kíláàsì wọn kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, ló jókòó kí wọ́n lè tọ́ka iṣan lára rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adéníran, tí iléèwé pè wá látìta láti dán wọn wò, mú ìwé dání.

"Mọ́mì, ẹ fi sitánómásítọ́ìdì hàn mí."

Fàósátù wo ọrùn Christabel. Ó ń dán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó kàn tẹ ibi tó bá rí.

"Ọmọ mi, bá mi wo wíńdò yẹn."

Christabel yíjú, okùn yọ.

"Òun rè é, ọ̀gá."

Adéníran rẹ́rìn-ín. Látìgbà yẹn, Christabel ò sinmi mọ́: ó rún eyín, ó wúkọ́, ó fa apá, àfi bí ẹni ń ṣe eré ìdárayá.

"Dáyáfúrámù ńkọ́?"

"Ẹ ò lè fọwọ́ kan ìyẹn láti ìta, ọ̀gá. Inú lábẹ́ egungun ìhà ló wà. Òun la fi ń mí."

Àǹtí Jael fi ìwé bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mẹ́tàdínlógún ni Fàósátù gbà. Ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

"Mẹ́tàdínlógún! Mo ti wọ Yaba!"

"Alihamudulilahi! Mẹ́ta tó kù ńkọ́?"

"Mo gbàgbé wọn. Rọ́mbọ́ìdì wà ńbẹ̀."

Abdulfatai gbé ayùn kalẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó fa ejìká méjèèjì sẹ́yìn títí tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Àárín ibẹ̀ yẹn ni. Kí lo wá ń kọ́ látọjọ́ yìí?"

Fàósátù gbá a níbẹ̀ gan-an, ó bú sẹ́rìn-ín, kò sì tètè gbé ọwọ́ kúrò.