Kíkí Àárọ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìdáná

Afínjú ni gbogbo òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi tó ti ń ṣiṣẹ́ ń pè é. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta báyìí, lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìwé sì dé láti ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ rẹ̀ pé kò jẹ̀bi, pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá tún gbéra. Ìyàwó rẹ̀ ka ìwé náà sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó fò sókè bí ọmọ iléèwé, ó ní ojú ò ti àwọn. Afínjú gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í sábẹ́ rédíò, ó ní ebi ò pa òun.

Èso gígé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi dúró nídìí tábìlì irin kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, irú èyí tó ń gbé àwọn tó fẹ́ gbafẹ́ láti èbúté dé èbúté. Èso tí ẹgbẹ̀rún méjì èrò bá jẹ láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde: bàrà olómi, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìbẹ́pẹ, ọsàn tó bó títí tí kò ku awọ funfun kan lára rẹ̀. Ọ̀bẹ mẹ́rin ló ní. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé kéèyàn yá ìyàwó rẹ̀ rọrùn ju kó yá ọ̀bẹ rẹ̀ lọ.

Ìmọ́tótó ló sọ ọ́ lórúkọ. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, òun ni wọ́n máa ń fà á lé lọ́wọ́ kó kọ́ ọ bí wọ́n ti ń fọwọ́: àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, abẹ́ èékánná, títí dé ọrùn ọwọ́, kí onítọ̀hún sì máa ka oókan dé ogún. "Bó o bá kà á bí ẹni tí ajá ń lé," ni yóò wí, "padà síbi oókan." Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń kà á.

Òfin kan wà nínú ọkọ̀ náà tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tàbí tó bá bì, gbọ́dọ̀ lọ sọ. Wọ́n á tì í mọ́ yàrá rẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì, wọ́n á máa gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà fún un, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó tó wà níwájú ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun, kí ẹnikẹ́ni má baà kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọn kò fi í jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Àmọ́ ẹnu àwọn tó ń ka pátákó, ta ló lè dí i? Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan tó ń fọ abọ́. Ó ju abọ́ sílẹ̀, ó sáré jáde, kò sì tètè débi tó ń lọ. Afínjú gan-an ló sọ ọ́ ní Eléré-ìje, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ọ̀gá ilé ìdáná pàápàá ti gbàgbé èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ojúmọ́ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí inú Afínjú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní afẹ́fẹ́ lásán ni. Ó tún lọ. Ìgbà kẹta ló di orúnkún rẹ̀ mú níbẹ̀, tí òógùn bò ó, ibẹ̀ náà ló sì ti gbọ́ tí wọ́n ń kéde pé ọkọ̀ ti dé èbúté, pé kí kálukú tètè wà nípò rẹ̀, àwọn wolé-wolé ti ń dúró ní bèbè omi.

Ó mọ òfin. Òun ló ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ó rí pátákó yẹn lọ́kàn rẹ̀, ó rí Eléré-ìje tó dúró síwájú rẹ̀, tó ń ka orúkọ òun jáde fún gbogbo ayé, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó sì bi ara rẹ̀ pé ta ni yóò di ọ̀bẹ òun mú níwájú wolé-wolé. Ó dìde, ó fọwọ́, ó ka ogún pé, ó wọ aṣọ iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì ọkọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Dókítà ti gbọ́ pé inú rírun wà nínú ọkọ̀ mìíràn, ó sì ti pàṣẹ pé kí wọ́n bi olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ní ìbéèrè láràárọ̀ kó tó wọlé. Wọ́n ti tẹ ìbéèrè náà sórí ìwé: Ṣé o ti yàgbẹ́ gbuuru láti àná? Ẹ̀ẹ̀melòó? Ṣé o bì? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nọ́ọ̀sì náà. Àbíkẹ́yìn Afínjú fi ọdún kan jù ú lọ. Ó bi àwọn ọ̀dọ́ bí ìwé ti wí, àwọn náà sì ń fi í ṣàwàdà.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ wá kà á fúnra yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìlà ẹ̀yìn rẹ gùn."

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Afínjú, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ọmọ wo ni yóò wo ojú ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, tí yóò bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó? Ó tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

Ó fàmì sí bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí ìwé, Afínjú sì kọjá.

Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè wa tí kò mọ̀ pé "a dúpẹ́" kì í ṣe èsì àyẹ̀wò. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá yóò kọ́kọ́ wí pé a dúpẹ́ kó tó ní kí wọ́n bá òun wá ẹni tí yóò gbé òun. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ Afínjú rí ìwé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó rí i tí bírò rẹ̀ ń rìn. Ó mọ ohun tó ń kọ.

Wolé-wolé mẹ́ta ló wọlé. Wọ́n wọn bí fíríìjì ti tutù tó, wọ́n fi ìka nu abẹ́ tábìlì, wọ́n tan iná wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín. Obìnrin àárín wọn ní kí Afínjú fọwọ́ lójú òun. Ó fọ̀ ọ́. Obìnrin náà ní òun ò rí irú rẹ̀ rí láti ọdún tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Máàkì méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n fún ọkọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí tábìlì tirẹ̀ kò pàdánù ẹyọ kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún lọ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kẹrin.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta mìíràn ti kọ́kọ́ lọ sọ, lòun náà lọ sọ. Ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, èrò mẹ́rìnléláàádọ́rin ló ti ń bì. Inú yàrá tí wọ́n tì í mọ́ ló ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré, tó ń gbọ́ òórùn omi apakòkòrò tí wọ́n ń dà sórí ilẹ̀. Ojú fèrèsé róbótó tó wà níbẹ̀ ló ti rí i tí wọ́n gbé ìyá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté tó tẹ̀ lé e. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń tẹ̀ lé e, bàtà ìyá ní ọwọ́ kan, eyín àtọwọ́dá rẹ̀ nínú ife ní ọwọ́ kejì. Ìyá náà lo ọjọ́ mọ́kànlá nílé ìwòsàn. Kò kú. Ojoojúmọ́ ni Afínjú ń wádìí bóyá kò tíì kú, kò sì sọ ìdí tó fi ń wádìí.

Ilé iṣẹ́ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò àrùn náà wà nínú bàrà tó kù láti orí tábìlì Afínjú. Ta ló gbé e débẹ̀? Ìwé nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé jáde. Alága bi ọmọbìnrin náà pé:

"Ìbéèrè tó wà nínú ìwé, ṣé o bi bàbá yìí?"

"Mo kí wọn, sà."

"Kíkí lo kí wọn, àbí ìbéèrè lo bi wọ́n?"

"Wọ́n dàgbà jù mí lọ, sà."

Alága yíjú sí Afínjú. "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó bi mí pé ṣé ara le, mo ní a dúpẹ́," ni Afínjú wí. Ó wá fi kún un pé: "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ta ni wọ́n á kí láàárọ̀, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìgbẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó kí i?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì láti mọ̀ bóyá kí wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń jáde, Eléré-ìje súnmọ́ Afínjú. Yàrá wọn dojú kọra nínú ọkọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin ò tilẹ̀ sáré ní tiyín," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ rọra ń rìn lọ, ẹ rọra ń rìn bọ̀."

Afínjú ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí ló lọ sí ọ́fíìsì láti fọwọ́ sí ìwé ìpadàsẹ́nu-iṣẹ́. Ẹnu géètì ló ti bá nọ́ọ̀sì náà pàdé, tó wá dá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ padà, tó lọ̀ ọ́ dáadáa, tó fi í sínú ọ̀rá. Afínjú rò pé yóò gbójú kúrò lára òun. Ọmọbìnrin náà tẹ orúnkún.

"Ẹ káàsán, sà. Inú yín ńkọ́? Ṣé ó ti fi yín sílẹ̀ pátápátá? Ó dùn mí pé ó padà mú ẹ̀yin náà."

Ó gbà á gbọ́. Ọmọ náà gbà á gbọ́ pé ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́.

"Ó ti lọ," ni Afínjú wí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò fọwọ́ sí ìwé kankan, ó lọ sílé.

Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ. Ó wò ó, ó gbé aṣọ sílẹ̀.

"Bàbá wọn, láti ọjọ́ tí ìwé yìí ti dé lẹ ò ti jẹun yó. Ọmọ nọ́ọ̀sì yẹn, ṣé ẹ̀bi rẹ̀ ni?"

"Kò béèrè bó ṣe yẹ."

"Mi ò bi yín nípa ohun tó béèrè. Ẹ̀yin ni mò ń bi. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ yàgbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fẹ́ra, kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí i lójú rí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí n tó wọ aṣọ."

Obìnrin náà kò pariwo. Ó jókòó sórí aṣọ tó ti ká.

"Ẹ wá ń wò mí, tí mò ń fò kiri pẹ̀lú ìwé."

Afínjú bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn aṣọ tó kù.

"Ọdún kan ó lé oṣù mẹ́rin ló kù kẹ́ ẹ fẹ̀yìntì," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ní ogójì ọdún níwájú."

Lọ́jọ́ kejì, Afínjú lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Akọ̀wé bi í pé kí ló pa á pọ̀ mọ́ ẹjọ́ náà.

"Èmi ni wọ́n kí."

"Wọ́n ṣe yín ní kí ni, bàbá?"

"Wọ́n kí mi láàárọ̀. Èmi lẹni náà."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó fún un ní ìwé àti bírò. Afínjú kọ ọ́ pé ara òun kò dá díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wò ó, ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé inú ń kùn òun. Ó tún pa á rẹ́. Ó gba ìwé mìíràn, ó sì kọ ọ́ pé òun ti yàgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mẹta kó tó di pé nọ́ọ̀sì kí òun, pé òun mọ ohun tó ń kọ sílẹ̀, pé òun jẹ́ kó kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i.

Lọ́sàn-án àná, agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ pè é lórí fóònù. Ó ní bó bá sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, ìwé tí wọ́n fi dá a láre yóò di ìwé lásán, kó tún inú rò. Afínjú ní òun ti rò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ni wọn yóò gbọ́ ẹjọ́ ọmọbìnrin náà. Dókítà ọkọ̀ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, Afínjú ni ìkejì. Ìyàwó rẹ̀ ní òun yóò bá a lọ, pé òun yóò jókòó sẹ́yìn.