Pátákó Iye Owó Lẹ́nu Géètì Ilé Ìwòsàn

Lẹ́tà ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, nítorí pátákó kíkọ ló fi ń jẹun. Kíláàsì kẹrin ló ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, alábòójútó ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pè é. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ti ṣe òfin tuntun: kí gbogbo ilé ìwòsàn kọ iye owó ìtọ́jú síbi tí aláìsàn á ti rí i. Ẹni tó bá sì béèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a lóhùn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ilé ìwòsàn yìí kan náà ni ìyá rẹ̀ wá nígbà tí inú ń run ún. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Ìyá béèrè pé, "Èló ni, ẹ̀yin ọmọ mi?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ kọ́kọ́ sùn sílẹ̀ ná. Tó bá yá, ẹ máa gbọ́ iye ẹ̀."

Ìyá sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wọ bàtà, ó gba ilé lọ. Ó ní òun ò ní ta ilé mọ́ ọmọ òun lórí. Ọjọ́ kẹjọ ló kú.

Lẹ́tà jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fìka tẹ̀ lé ìwé iye owó tí wọ́n fún un. Ó kan iṣẹ́ abẹ inú. Ó wo iye tó wà níwájú ẹ̀. Ó wo alùpùpù rẹ̀ tó gbé ti ògiri. Ká ní ó ta alùpùpù yẹn ni, owó náà ì bá pé, ì bá sì ṣẹ́kù. Ó tún un kà. Omijé dé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó nujú, ó ṣí ọ̀dà dúdú.

Nígbà tó gbé pátákó náà dé, ó ga jù ú lọ. Alábòójútó lanu.

"Ta ló ní kóo kọ pátákó tó tó odindi ilẹ̀kùn? Inú yàrá ìkẹ́rùsí ni mo fẹ́ gbé e kọ́!"

"Ṣé ìgbálẹ̀ ló ń ṣàìsàn níbẹ̀ ni, ọ̀gá?"

"Má bá mi ṣàwàdà. Òfin ní ká kọ ọ́, kò ní ká pariwo ẹ̀."

"Òfin ní kí aláìsàn rí i. Ìyá mi ò rí i."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbé àkàbà ti ògiri lẹ́nu géètì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó. Àwọn tó ń wọlé dúró. Ìyá aboyún kan ń kà á sókè, ìlà kan tẹ̀ lé èkejì.

Alábòójútó sáré jáde. "Ẹ̀ṣọ́! Yọ nǹkan yẹn!"

Bàbá ẹ̀ṣọ́ gbójú sókè. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n kà á tán ná."

"Màá pe ọlọ́pàá!"

"Ẹ pè é, ọ̀gá," Lẹ́tà dáhùn látorí àkàbà. "Ẹ ní kó mú ìwé òfin náà dání. Ọ̀dà mi ò tíì tán. Màá kọ ìyẹn náà sí pátákó kejì."

Ó sì gbá ìṣó tó kù wọlé.