Ìgbálẹ̀ Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè

Eruku mọ́tò wọn kò tíì balẹ̀ tán tí màmá bàbá mi fi fa ìgbálẹ̀ yọ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ṣàà, ṣàà, ṣàà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó gbá a dé etí títì níbi tí ipa táyà wà, ó sì gbá ipa táyà náà mọ́ ọn. Ó ń súfèé. Màmá tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń kúnlẹ̀ kí, ó ń súfèé bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní họlidé.

A kì í gbálẹ̀ tẹ̀lé ẹni tó ń rìnrìn àjò. Tí àlejò bá jáde, à á fi ilẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà títí yóò fi dé ibi tó ń lọ, kó má baà jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ la gbá dànù, kó má lè padà wá mọ́. Màmá gan-an ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Òun náà ló wá ń ṣe é ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ìyàwó rẹ̀ bá ti kúrò ní Ọ̀kà padà sí Àkúrẹ́. Ọ̀dọ̀ Màmá ni mò ń gbé. Mo rí i, mo sì ń fura.

Nítorí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ṣì ń ṣe tíṣà ní Ìkàrẹ́, ọ̀tá rẹ̀ ni ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀ lẹ́yìn òkè, ojú rẹ̀ á dì. Á da ẹ̀yinná sínú áyọ́ọ̀nù eléèédú, á wọ́n omi sáṣọ, òórùn sítáàṣì á gba gbogbo ilé. Tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, omi á lé sí i lójú. "Ẹ ò lè sùn di Mọ́ńdè?" Mọ́ńdè tó ń wí yẹn, òun fúnra rẹ̀ á ti wà létí títì ní ìdájí, á máa dúró de bọ́lẹkájà, á máa gbọn fún ọyẹ́.

Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ni nǹkan yí padà. Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀ṣẹ̀ wọn bó ṣe tẹ̀ léra, torí inú ṣì ń bí mi. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á dé tàwọn ti aṣọ ìdọ̀tí. Omi ẹ̀rọ ń yọ nínú ilé wọn ní Àkúrẹ́ o. Ọ̀kà tí a ti ń pọn omi ni wọ́n ń kó o wá. Iyán Màmá ni wọ́n fẹ́ jẹ, Màmá náà ló ń gún un. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi á gorí ibùsùn Màmá, ó ní ẹní ń dun òun lẹ́yìn. Orí ẹní ni Màmá á wá sùn, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ wọn tí kì í yéé ké. Bàbá mi, tó jẹ́ àbúrò, mọ gbogbo rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á na ẹsẹ̀ gbọọrọ sórí àga, á ní, "Màmá, ẹ ò kúkú níṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe mọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ Mọ́ńdè bá wá mọ́, Màmá á sùn títí oòrùn á fi bá a lórí ibùsùn. Ìyàwó Ààfáà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa á gbé àgbàdo sísun wá, àwọn méjèèjì á jókòó sẹ́yìn ilé, wọ́n á máa jẹ ẹ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. N ò rí ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí.

Ìgò oúnjẹ ọmọ ló tú àṣírí. Wọ́n gbàgbé rẹ̀, wọ́n ṣẹ́rí mọ́tò padà, wọ́n sì bá Màmá lẹ́nu iṣẹ́.

"Yéè! Ẹsẹ̀ wa lẹ̀ ń gbá, Màmá?" Ìyàwó yìí káwọ́ lé orí.

"Ilẹ̀ ni mò ń gbá."

"Ilẹ̀ tí mo gbá láàárọ̀?"

"Ìyàwó mi, ìgbálẹ̀ ilé yìí ò tíì mọ ọwọ́ rẹ."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ohùn rẹ̀ ti yí. "Màmá, kí la ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi ń lé wa lọ pátápátá?"

Màmá fi ìgbálẹ̀ tilẹ̀. "Ìjọba rí i pé ó ti rẹ̀ mí, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin wá gbé lé mi yìí, ta ni kí n kọ̀wé ìfẹ̀yìntì sí? Mi ò ní kẹ́ ẹ má wá. Mo kàn ń fẹ́ kí Mọ́ńdè tètè dé ni."

Ìyàwó Ààfáà wúkọ́ lẹ́yìn ọgbà. Ìkọ́ ẹ̀rín ni.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n ní ìdánìkanwà ti ń da Màmá lórí rú, kó máa bọ̀ ní Àkúrẹ́ kó wá sinmi. Ẹ má sọ fún mi pé ìfẹ́ ni. Kí ìpàdé yẹn tó wáyé rárá, mo ti ilé ìwé dé, mo bá káfíńtà tó ń wọn fèrèsé pálọ̀ tó kọjú sí títì. Ó ní wọ́n fẹ́ sọ ibẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Àwọn wo?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fi pẹ́ńsù há etí. Kò pẹ́ tí Màmá lọ tí wọ́n fi ń ta páànù níbẹ̀. Wọ́n dá mi padà sọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Ìkàrẹ́.

Mo lọ lo họlidé ní Àkúrẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, òórùn sítáàṣì ló júwe ibi tí Màmá wà fún mi. Ó ń lọ aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ wọn, ojú rẹ̀ ti dì bíi ti ayé àtijọ́. Mo rí ìgbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ní, "Màmá, ṣé kí n gbálẹ̀?"

Ó wò mí. "Ẹsẹ̀ ta ni a fẹ́ gbá níhìn-ín? Èmi ni àlejò."

Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé padà sí Ọ̀kà. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ tí àwọn náà máa ń dé.

Mo ka ìwé dé yunifásítì, mo ṣiṣẹ́ ìjọba, èmi náà ti fẹ̀yìn tì sí Ìkàrẹ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè gbọ́ kára mi má bù máṣọ: "sinmi." Sọ́ńdè tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ti jókòó sí pálọ̀, báàgì ti wà nínú mọ́tò. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan nínú ilé ńlá yìí. Ẹ wá sinmi lọ́dọ̀ wa." Fèrèsé mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

"Kí lò ń wò lára fèrèsé yẹn?"

"Kò sí nǹkan o, Mọ́mì. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn yín ló ya."

Bóyá òótọ́ ni. Nẹ́ẹ̀tì náà ya lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Màmá dúró kí mọ́tò yà ní kọ́nà kó tó gbálẹ̀, wọ́n sì pè é ní wèrè. Èmi ò ní dúró. Mo fa ìgbálẹ̀ yọ, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àga. Ìyàwó ọmọ mi gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Mọ́mì, a ò tíì lọ o!"

"Mo mọ̀," mo wí. "Gbé ẹsẹ̀ kejì."