Ojú Bàbá Rìwáyà Ò Rí Wáyà Mọ́

Bàbá Rìwáyà, tó ń bá wa tún iná ọkọ̀ ṣe l'Ómù-Àrán, ò ríran dáadáa mọ́, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Katakata mi kú sóko lánàá. Ọ́tánẹ́tọ̀ rẹ̀ ò fún bátìrì níná mọ́. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti dẹ̀, kò sáyè ìdúró. Mo tú u, mo gbé e lọ bá bàbá.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Ta nìyẹn?"

Mo dárúkọ. Ó fọwọ́ wá ọ́tánẹ́tọ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kọ́ìlì rẹ̀ ti jó. A ó wé òmíràn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé wáyà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dá ọ́tánẹ́tọ̀ náà padà fún mi.

"Máa gbé e lọ, ọmọ mi. Mi ò rí i mọ́."

"Bàbá, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ńkọ́?"

"Ọ̀kadà ni gbogbo wọn ń gùn."

Mo ní kò burú. Irọ́ ni mo pa. Mo ti wá irú ọ́tánẹ́tọ̀ yẹn dé Ìlọrin lánàá, kò sí. Ọkọ́ ni n ó fi kọbè lọ́la.

Ẹ̀yin ará ilé, ǹjẹ́ ẹ mọ ẹnì kan tó ṣì ń wé kọ́ìlì? Ẹnì kan ṣoṣo.